Ògì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀

Ó ti rẹ Olúbùsọ́lá Akínbíyì kí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí tó dé rárá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó kò ní mọ ohun tó sún un dé ibi ẹ̀rí tó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ọdún 1997 ni. Àwọn tí òun pẹ̀lú wọn jọ jáde ní girama, tí wọ́n lọ kọ́ ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ olùkọ́, ti gboyè, wọ́n ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, àwọn mìíràn ti pọn ọmọ kejì. Bùsọ́lá ṣì ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n pe ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà tó wọlé, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n ṣí i, àwọn olùkọ́ tún yanṣẹ́ lódì. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà wọlé, ohun tí wọ́n kọ́ ti ṣí kúrò lórí wọn bí òórùn ọṣẹ. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun.

Agbowó, ní Ìbàdàn, ló ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí yàrá kojú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Bàbá rẹ̀, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì, ń gbé ní Challenge. Bó bá lọ kí wọn, wọ́n á dìde lórí àga fún un, wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ jókòó." Wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tinútinú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìyẹn ló sì ń dùn ún jù.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó dí i lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà ní ọdún àṣekágbá gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Láìsí ìyẹn, kò sí ìdánwò ìkẹyìn. Dókítà Adégbénró ló ń bójú tó tirẹ̀, òfin tí wọ́n fún un kò sì gùn.

"Mi ò fẹ́ àṣetúnṣe. Mú ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe wá."

Ó mú ọ̀kan lọ, wọ́n ní wọ́n ti ṣe é. Ó mú òmíràn lọ, wọ́n tún ní wọ́n ti ṣe é. Ìgbà tó mú ẹ̀kẹta lọ, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ìgbà yẹn ló rántí àwọn ìyá tó máa ń rí ní Ojoo, tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru ní omi ògì mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ títí pé omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ni kí wọ́n máa fún un. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá omi ògì ń ran àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ lóòótọ́.

Ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn ti ra kọ̀ǹpútà nígbà náà. Kó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ayé ti kọ nípa àrùn kan yóò jókòó ti àwọn ìwé gbàǹgbà tí ojú ìwé wọn fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, yóò máa fi ìka tẹ̀ lé orúkọ títí ojú yóò fi máa rí méjì-méjì. Ní báyìí, wọ́n ti kó orúkọ gbogbo ìwádìí wọ̀nyẹn àti àkópọ̀ wọn sórí àwọn àwo sídíì tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà. O kàn máa tẹ ọ̀rọ̀ tí ò ń wá ni, ẹ̀rọ náà á sì sọ iye ìwé tó ní in nínú fún ọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn ń pariwo rẹ̀, a ń gbọ́ ọ ni, a ò tíì rí i.

Bùsọ́lá mọ kọ̀ǹpútà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà ìyanṣẹ́lódì kan, ó bá wọn tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Bódìjà, ó sì kọ́ ọ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó tẹ "ogi" àti "diarrhoea" pọ̀ sínú ẹ̀rọ náà, kò gbọ̀n, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó sì dáhùn pé kò sí ìwé kankan.

Ó tún un tẹ̀. Kò sí.

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín àga méjì.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú ìjọ. "Ẹ̀yin ará, gbogbo ayé ni ẹ̀rọ yẹn fi wá a. Amẹ́ríkà, Íńdíà, China. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é. Ọlọ́run pa á mọ́ dè mí!" Alelúyà tó tẹ̀ lé e mi páànù. Èmi náà wà níbẹ̀, ohùn mi sì wà nínú rẹ̀. Pásítọ̀ Ikúbọlájẹ́ fi í ṣe ìwàásù lọ́sẹ̀ kejì: ohun tó jẹ́ tìrẹ, Ọlọ́run á fọ́ gbogbo ayé lójú sí i títí wàá fi dé. Ìyá kan tó ti ń wá iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ tipẹ́ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Dókítà Adégbénró gbà á, inú wọn dùn. Bùsọ́lá mú òṣùwọ̀n àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ó gba Ojoo lọ. Ó lọ nínú òjò, ó lọ nínú oyẹ́. Ó wọn ọmọ, ó tún padà lọ wọ̀n wọ́n. Àwọn ìyá kan sá fún un, wọ́n rò pé wolé-wolé ni. Ó bá a débi tó fi jẹ́ pé kíkọ ló kù, ìdánwò sì ti ń kanlẹ̀kùn.

Àárín ìgbà yìí náà ni ilé ẹ̀kọ́ ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹrin ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi kíláàsì náà sí. Fáànù ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ, bí wọn ò ṣe gbọdọ̀ já wáyà rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sórí dísìkì. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó fẹ́ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń wá ìwé.

"Ẹ má da ìbéèrè gbọọrọ sí i lára," ó sọ fún wọn. "Kì í ṣe àǹtí yín ni. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ẹ fi 'and' sáàárín wọn, ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ ìwé tó ní gbogbo wọn nínú." Ó wá kọ àpẹẹrẹ sójú pátákó, tirẹ̀ náà ló sì kọ. "Ẹ tẹ eléyìí. Ẹ ó rí i pé kò sí."

Wọ́n ṣù bo ẹ̀rọ náà. Ayẹni, ọmọkùnrin gígùn kan, ló jókòó sídìí rẹ̀, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.

"Ayẹni, ilẹ̀ á ṣú o," Shakirah Àkànmú sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni Shakirah, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Àbí o fẹ́ ká ti ibí yìí lọ kírun Àṣálẹ́ ni?"

"Ìwọ wá tẹ̀ ẹ́ ná."

"Dìde nígbà náà." Ó jókòó. "Àǹtí Bùsọ́lá, àwọn òyìnbó ò mọ ògì o. Páàpù ni ká kọ."

"Kọ páàpù. Fi òun nìkan wò ó ná."

Shakirah tẹ "pap." Ẹ̀rọ náà kùn. Nígbà tí iye ìwé tó rí jáde, gbogbo kíláàsì ló figbe ta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Àyà Bùsọ́lá já. Ayẹni tẹ̀ síwájú, ó ń kà á sókè: "Àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ fún àwọn obìnrin tó ti ju ogójì ọdún..." Ó dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń po ògì lọ́dọ̀ tiwọn ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé, ọmọkùnrin yìí! Orúkọ àyẹ̀wò ni."

"Mi ò tún ní mu páàpù mọ́ láéláé."

Bùsọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, ìfọ̀kànbalẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rín náà.

"Ó dáa," Shakirah ní, "a ò ní pè é lórúkọ. Ohun tó jẹ́ la máa sọ. Ṣebí àgbàdo tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sè ni?" Ó kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó fún àgbàdo, ó kọ èyí tó wà fún ẹ̀kọ mímu, ó wá kọ ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e.

"Shakirah!" Bùsọ́lá ti rí i. "Ọdún kẹrin nínú ìṣègùn, o ò lè sípẹ́lì diarrhoea! Lẹ́tà o tó wà láàárín rẹ̀ dà?"

"Áà! Ẹ dákun, Àǹtí. Mo ti tẹ ẹ́ńtà."

"Ta ló tiẹ̀ gbà ẹ́ wọlé?"

"Jáǹbù ni, Àǹtí, kì í ṣe ẹjọ́ mi."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀kan láti Sudan. Ọ̀kan láti Íńdíà. Òmíràn láti ìlà-oòrùn Nàìjíríà níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń pe ògì ní akamu. Ó ń jáde lọ bẹ́ẹ̀. Bùsọ́lá tẹ̀ síwájú, ó ka àkópọ̀ ọ̀kan. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Omi orí àgbàdo kíkan. Wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n tún wọ̀n wọ́n. Àwọn ọmọ náà pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, wọ́n sì ti rí ìdáhùn: ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti kọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Fúnra rẹ̀ ló rí i. Amẹ́ríkà ló kó àwo náà jọ, sípẹ́lì Amẹ́ríkà, tí kò ní lẹ́tà o nínú, ló sì ń gbọ́. Àwa tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kọ́ níwèé, tí wọ́n nà wá nítorí lẹ́tà o yẹn, tí a kọ ọ́ dáadáa, tí a tún wá fi ògì tiwa kún un, àwa ni ẹ̀rọ náà ń wí fún pé kò sí.

"Ó tó fún òní," ni Bùsọ́lá sọ.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Shakirah kò lọ. "Àǹtí, iṣẹ́ yín ni, àbí?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ta ló máa mọ̀? Dókítà Adégbénró ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́, sípẹ́lì tí wọ́n mọ̀ náà ni wọ́n máa tẹ̀. Kò sí náà ló máa sọ. Ẹ ò tíì parọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ti jẹ́rìí, Shakirah."

"Ẹ̀rí kẹ̀?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pé Ọlọ́run pa á mọ́ fún mi."

"Haa, Àǹtí," Shakirah ní. "Ẹ ti wá kó Ọlọ́run sí i."

Ẹsẹ̀ ni Bùsọ́lá fi rìn dé ilé. Ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà kò wá. Kì í ṣe pé inú ń bí i sí Ọlọ́run. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ débi tí kò mọ ohun tí yóò béèrè. Bó bá dákẹ́, ìdánwò rèé níwájú, oyè rèé, bàbá rẹ̀ á sì rí dókítà tí wọ́n ń dìde fún. Bó bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Ikúbọlájẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́wọ́, epo dúdú kún ọwọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí. Èèyàn rere ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.

"Arábìnrin," wọ́n ní, "ẹ̀rí tó ti jáde lẹ́nu, báwo la ṣe fẹ́ gbé e mì padà? Ẹ̀rí ni ìjọ ń jẹ. Ìyá Olúwaṣọlá ṣì ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn. Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ní kò sí, a ní Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀. Ó ti wá ní ó wà báyìí. Ta ló sọ̀rọ̀?"

Pásítọ̀ wo ọwọ́ wọn. Wọ́n fi àkísà nù ún, epo náà kò lọ. "Láti ìgbà tí o ti jókòó," wọ́n ní, "ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn."

Bùsọ́lá fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, ì bá sì wù mí kó má sọ ọ́. Àìmọye nǹkan ni mo ti béèrè lórí eékún mi tí mo gba "kò sí" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, tí mo tún dúpẹ́ sí i. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí tó jẹ́ ohùn rẹ̀ nínú wọn mọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà Adégbénró. Wọ́n ń fi búrẹ́dì mu tíì, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ga níwájú wọn.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Akínbíyì. Ṣé o ti kọ ọ́ tán?"

"Rárá sà. Wọ́n ti ṣe é rí." Ó sọ ohun gbogbo fún wọn, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́ àti bí ọmọ ọdún kẹrin ṣe ṣì í tẹ̀.

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Lẹ́tà o?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Lẹ́tà o yẹn, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé rẹ̀, máàkì ni mo máa ń yọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dé ojú wọn. "Èmi ni mo sì ń ní kí wọ́n má mú àṣetúnṣe wá. Kí ló dé tí o wá sọ ọ́? Mi ò bá tí mọ̀ láéláé."

Bùsọ́lá ti múra ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti òtítọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà. Ìyẹn kọ́ ló jáde.

"Ó rẹ̀ mí sà. Iṣẹ́ yìí nìkan ti wúwo tó. Mi ò lágbára tí mo máa fi gbé irọ́ lé e."

Dókítà ti tíì wọn sápá kan.

"Mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Kò ní lè bá ìdánwò tó ń bọ̀ yìí. Èyí tó bá tẹ̀ lé e ni, bí ẹnikẹ́ni ò bá tún yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n má da ohun tí o wọ̀n nù. Àwọn yẹn ti sọ pé omi ògì dára. Ó dáa. Nọ́ọ̀sì ti pariwo omi oníyọ̀ àti ṣúgà láti bí ọdún mélòó? Kí ló dé tí àwọn ìyá yẹn ò fún ọmọ wọn? Ǹjẹ́ o bi wọ́n?"

"Mi ò bi wọ́n sà."

"Máa lọ bi wọ́n."

Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún tó mọ níwọ̀n, ó sì dìde.

Níbi ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀, ó sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé òun ṣì í wá lórí ẹ̀rọ ni, pé àwọn ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ náà kí òun tó dé. A ò mọ ohun tó yẹ ká ké. Ẹnì kan ṣe àmín, ó tún dákẹ́. Ìyá tó ń gbààwẹ̀ béèrè bóyá kí òun jẹun. Pásítọ̀ ní kó jẹun.

Nígbà tó padà dé Ojoo, Ìyá Bàdírátù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọjọ́sí, ló kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn gáréèjì, tó ń fọ aṣọ ọmọ.

"Ẹ tún ti dé! Kí lẹ tún fẹ́ wọ̀n lára wa? Ọmọ ti sanra o, òṣùwọ̀n yín á já."

"Mi ò mú òṣùwọ̀n wá lónìí, Ìyá Bàdírátù. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n fi orin kọ́ wa. Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Kí ló wá dé tí ẹ kì í fún un?"

Ìyá Bàdírátù gbé ọwọ́ kúrò nínú ọṣẹ. Ó wo Bùsọ́lá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọdé ń yà lẹ́nu.

"Dókítà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ọmọ ń ṣu gbuuru, inú ń run ún, ẹ ní kí n fún un ní ṣúgà. Ṣebí ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí? Ìyá wo ló máa fi jẹ̀díjẹ̀dí wo ìgbẹ́ gbuuru?"

Bùsọ́lá dúró sójú kan. Inú ilé tí wọ́n ti ń fi jẹ̀díjẹ̀dí dẹ́rù bà á lórí ṣúgà ni wọ́n ti tọ́ òun náà dàgbà. Gbogbo Agbowó mọ̀ ọ́n, gbogbo Challenge mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, nítorí nọ́ọ̀sì kò béèrè.

Kò sọ pé Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀. Kò sì sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run. Ó fa àpótí kan sábẹ́ ara rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ Ìyá Bàdírátù pé kó tún un sọ, kó rọra sọ ọ́, kí òun lè kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an.